Bí a ṣe ń gbé ẹ́ńjìnnì rélùwéè àtijọ́ gba títì wá sí Abẹ́òkúta

Ohun tí àwọn èèyàn kọ́kọ́ máa ń bi mí ni pé, ṣebí ọkọ̀ ojú irin ni, kí ló dé tí kò lè gba ojú irin wá? Tépù ló máa dá wọn lóhùn. Ojú irin àtijọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ láti Èkó ní 1896, tó gba Abẹ́òkúta kọjá tó sì dé Ìbàdàn ní 1901, mìlímítà 1067 ló wà láàárín irin rẹ̀ méjèèjì. Ojú irin tuntun tí wọ́n ṣí ní 2021, èyí tó ní ibùdókọ̀ Wọlé Ṣóyínká ní Láderin, mìlímítà 1435 ni tirẹ̀. Bẹ́ ẹ bá gbé ẹ́ńjìnnì eléèéfín àtijọ́ lé e, àárín ló máa já sí. Ti ojú irin àtijọ́ tó gba Lafẹ́nwá ńkọ́? Ẹ́ńjìnnì tó ti dúró sójú kan fún ọgbọ̀n tàbí ogójì ọdún, tí bẹ́rìn rẹ̀ ti gbẹ, tí bíréèkì rẹ̀ ti kú, kò ní rọrùn láti rí ẹni tó máa gbà kí wọ́n so ó mọ́ ìdí ọkọ̀ mìíràn. Títì ló kù.

Ẹ̀yin ilé ìwé, ẹgbẹ́ ìlú, tàbí ẹni tó fẹ́ dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Kí tírélà tó dé ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yìí ti gbọ́dọ̀ parí. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ kò jìnnà sí ìyẹn.

1. Ìwé ná

Ẹ má fọwọ́ kan bóòtù kankan bí ìwé kò bá tíì pé. Pé koríko bo ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn yáàdì kò sọ pé kò ní olúwa. Àjọ rélùwéè, NRC, ló sábà máa ń ni ín. Ẹni tó ń ra irin àlòkù lè mú rìsíìtì jáde fún yín, ṣùgbọ́n lẹ́tà tí NRC fọwọ́ sí, tí wọ́n kọ nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì náà sínú rẹ̀, ni kẹ́ ẹ gbà. Ẹ kọ̀wé sí NCMM náà, àjọ tó ń mójú tó àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kí wọ́n mọ̀ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Níbi tí ẹ ń gbé e bọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹbí tó ni ilẹ̀ fọwọ́ sí ìwé níwájú àwọn àgbà. Ọmọ onílẹ̀ tó bá yọ lọ́jọ́ tí ẹrù ti wà lókè, owó tó máa bèèrè kì í ṣe kékeré.

2. Ẹ wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ tún un wọ̀n

Gíga rẹ̀ láti orí irin títí dé ẹnu ṣímínì, ihò tí èéfín ń gbà jáde. Fífẹ̀ rẹ̀ níbi tó ti fẹ̀ jù, tó sábà máa ń jẹ́ ibi sílíńdà tàbí etí òrùlé kábù, ibi tí dírẹ́bà ń dúró sí. Gígùn ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, àti ti tẹ́ńdà tó ń gbé omi àti èédú, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí ọkọ̀ méjì ni wọ́n máa wọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín ẹsẹ̀ ńlá, ìyẹn táyà irin rẹ̀, àkọ́kọ́ àti èyí tó kẹ́yìn, kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ohun tó sún mọ́ irin jù lábẹ́ rẹ̀: agbada eérú, tàbí irin iwájú tó ń ti màlúù kúrò lọ́nà. Ìwọ̀n méjì tó kẹ́yìn yìí ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Àwọn gan-an ló máa sọ bóyá ẹ́ńjìnnì á lè gun orí lóòbẹ́ẹ̀dì, tírélà tí ilẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀, láìfi ikùn gbálẹ̀.

Ká ní ẹ́ńjìnnì yín ga ní mítà 3.7. Ilẹ̀ lóòbẹ́ẹ̀dì ga ní sẹ̀ǹtímítà 90, irin tí ẹ máa tẹ́ sórí rẹ̀ pẹ̀lú igi abẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ 20. Ó di mítà 4.8 nìyẹn, kò sì sí bí kò ṣe ní kọ lu wáyà NẸ́PÀ níbì kan. Bí ẹ bá tú ṣímínì àti òrùlé kábù, tí ìyẹn sì dín sẹ̀ǹtímítà 50 kúrò, ó di 4.3, ọ̀rọ̀ sì yàtọ̀.

Ti ìwúwo le díẹ̀. Pátákó idẹ tí àwọn tó ṣe é kàn mọ́ ọn lára sábà máa ń sọ orúkọ wọn, nọ́ńbà àti ọdún, kì í sábà sọ ìwúwo. Nọ́ńbà yẹn lẹ máa fi wá àwòrán iṣẹ́ rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí ìwúwo nínú ìwé, ẹ bèèrè bóyá tòun tòmi tòun tèédú ni àbí òfìfo. Lítà omi kan, kìló kan ni. Tẹ́ńdà tó ń gba gálọ́ọ̀nù Gẹ̀ẹ́sì 3,000 lè ru bíi tọ́ọ̀nù 13.6 omi nìkan.

Èyí ti ṣẹlẹ̀ lójú mi. Bọ́ílà, àgbá irin tó ń se omi, ti ilé ìlagi kan ni a fẹ́ gbé, wọ́n sì ní tọ́ọ̀nù 12 ni. Bí kíréènì ṣe fà á sókè tó ìbú ọwọ́ kan, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kíréènì gbé kúrò nílẹ̀. Ọ̀gá tó ń wà á sọ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ ọn. Nígbà tí a tú bóòtù ìsàlẹ̀ rẹ̀, omi pupa tó kún fún ìpẹtà àti ẹrẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya jáde. Ó ṣàn láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Omi òjò tó ti ń gba ojú ihò wọlé fún ọ̀pọ̀ ọdún ni. Láti ọjọ́ náà, mi ò gba ìwúwo ẹnu ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́. Ẹ ṣí gbogbo ohun tó lè gba omi dúró, kẹ́ ẹ fi iná tọ́ọ̀ṣì wò ó.

3. Ẹ wo ọ̀nà pẹ̀lú ojú ara yín

Láti Èkó, ọ̀nà méjì ló wà. Ti àtijọ́ gba Ṣàngó, Ìfọ̀, Pápálántò, Èwékorò àti Ìtòrí. Àwọn awakọ̀ tírélà sìmẹ́ńtì mọ gbogbo kòtò rẹ̀. Èkejì gba ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ó yà sí Ṣíún, ó gba Kòbápé wọ Abẹ́òkúta. Tèmi ni pé kẹ́ ẹ gba ti Kòbápé, nítorí ọjà àti èrò tó wà lójú ọ̀nà ti Ìfọ̀ kì í jẹ́ kí ẹrù ńlá mí. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ lọ wò ó lọ́sẹ̀ tí ẹ fẹ́ rìn ín, torí ọ̀nà tó dára lóṣù tó kọjá lè ti bàjẹ́ lónìí.

Fún gíga bíríjì àti ẹ̀ka igi, ẹ gé ọparun gbígbẹ kan. Ẹ so ó mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ píkọ́ọ̀bù lóòró, kí orí rẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 30 ga ju ẹrù yín lọ, kẹ́ ẹ so aṣọ pupa mọ́ ọn. Ẹni kan wakọ̀ jẹ́jẹ́, ẹni kejì wà nínú ọkọ̀ kejì lẹ́yìn, ó ń wo orí ọparun náà, ó sì ń kọ ibi tó ti kan nǹkan sílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá dé Kútọ̀ tàbí Ìbarà níbi tí bíríjì wà lórí títì, ẹ dúró, kẹ́ ẹ fi tépù wọ̀n ọ́n. Ẹ má fi ọparun sún mọ́ wáyà iná rárá. Bẹ́ ẹ bá ti rí wáyà níwájú, ẹ sọ ọparun kalẹ̀. Ẹ ní kí àwọn òṣìṣẹ́ IBEDC, iléeṣẹ́ iná mànàmáná, bá yín wọn àwọn wáyà náà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ háyà lóòbẹ́ẹ̀dì náà gan-an lófìfo fún ọjọ́ kan, kó rin ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Owó yìí máa ń dun àwọn èèyàn, mo mọ̀. Síbẹ̀ ìlú wa, abẹ́ òkúta ni: òkè lọ́tùn-ún, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lósì, kọ́nà tó tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Ibi tí ikùn ọkọ̀ bá ti họ bọ́ǹpù lófìfo, kò lè kọjá níbẹ̀ tòun tẹrù àfi bẹ́ ẹ bá to pákó ṣáájú àti lẹ́yìn bọ́ǹpù náà.

Ti bíríjì tí ọkọ̀ yín máa gùn kọjá ńkọ́? Bí ibi tí ẹ ń gbé ẹ́ńjìnnì náà lọ bá wà lódìkejì Odò Ògùn, ẹ gbọ́dọ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnjiníà iléeṣẹ́ tó ń rí sí iṣẹ́ òde. Ẹ bá a ṣírò rẹ̀: ẹ́ńjìnnì tọ́ọ̀nù 45, lóòbẹ́ẹ̀dì 18, orí ọkọ̀ tó ń fà á 10, gbogbo rẹ̀ 73. Lórí áàsì (ọ̀pá tó so táyà ọ̀tún mọ́ ti òsì) márùn-ún, tọ́ọ̀nù 14 ó lé ni kálukú ń rù. Lórí mẹ́jọ, ó dín sí nǹkan bíi mẹ́sàn-án. Áàsì púpọ̀ ló ń ṣàánú bíríjì àti àwọn kọ́fátì kéékèèké, ojú omi abẹ́ títì, tí ẹnì kankan kì í kà sí.

Àkókò: láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, kí ilẹ̀ gbẹ. Ọyẹ́ lè mú kí ojú ọjọ́ ṣú láàárọ̀, ẹ fi sọ́kàn.

4. Àwọn tó yẹ kó mọ̀

FRSC, ọlọ́pàá, TRACE, àwọn tó ń darí ọkọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, IBEDC, àti iléeṣẹ́ iṣẹ́ òde ti ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀. Ẹ mú ìwọ̀n yín àti àwòrán ọ̀nà lọ sí ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ béèrè ìwé tí wọ́n máa gbà, kẹ́ ẹ gba gbogbo rẹ̀ ní kíkọ. Ẹ ra ìdánilójú ìbánigbófò fún ẹrù àti fún ohun tó lè bàjẹ́ lójú ọ̀nà.

5. Ilé rẹ̀ kó tó dé

Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ dúdú orí kúrò títí ẹ fi kan ilẹ̀ líle. Ẹ da yangí sí i, kẹ́ ẹ gún un mọ́lẹ̀ ní ìpele ìpele, kẹ́ ẹ tó da òkúta wẹ́wẹ́ lé e. Òkúta kò wọ́n wa l'Abẹ́òkúta. Ẹ to sílípà, àwọn igi tó ń gbé irin, sí i, kẹ́ ẹ kan irin mọ́ ọn. Inú orí irin sí inú orí irin lẹ ti ń wọn 1067 yẹn, ní gbogbo sílípà, kì í ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin nìkan. Ẹ fi ọ̀nà sílẹ̀ fún omi òjò. Ẹ wò ó pé lóòbẹ́ẹ̀dì ní àyè láti dúró ní gbọọrọ pẹ̀lú irin náà, kí irin orí ọkọ̀ àti irin ilẹ̀ dojú kọ ara wọn.

Ẹ tún pinnu ibi tí ojú ẹ́ńjìnnì máa kọ sí nísinsìnyí. Lóòbẹ́ẹ̀dì kò lè yí i padà fún yín. Bó bá ti kọ ojú sẹ́yìn nígbà tí ẹ ń gbé e sórí ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ló máa wà títí ayé, àfi bẹ́ ẹ bá tún san owó kíréènì. Lójú tèmi, Èkó ni kẹ́ ẹ kọ ojú rẹ̀ sí. Láti Lafẹ́nwá ni ìyá ìyá mi ti máa ń gbé àdìrẹ Ìtọ́kú wọ rélùwéè lọ Èkó, ibẹ̀ ni wọ́n ń wò bí ẹ́ńjìnnì bá ti fọn fèrè.

6. Títú rẹ̀

Idẹ àti bàbà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tú: fèrè, àwọn ẹnu omi, páìpù kéékèèké, pátákó orúkọ. Nǹkan wọ̀nyí ni olè ń wá. Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀, kẹ́ ẹ tì wọ́n mọ́ yàrá kan tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni kan ṣoṣo.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun tó wà lábẹ́ páànù tó bo bọ́ílà. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ni wọ́n fi asbestos wé, ó funfun tàbí ó rí bí eérú, ó rí fúlẹ́fúlẹ́ bí òwú. Eruku rẹ̀ ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè pa èèyàn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ má gbá a, ẹ má fọ́n ọn, ẹ má jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ fi ọwọ́ lásán kó o. Bẹ́ ẹ bá rí i, ẹ dá iṣẹ́ dúró, kẹ́ ẹ pe àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń kó o.

Ọ̀pá irin gbọọrọ tó ti písítìnì wá bá ẹsẹ̀ ńlá, ẹ tú u lọ́tùn-ún lósì, kí písítìnì má baà máa yí gbígbẹ nínú sílíńdà. Ọ̀pá tó so àwọn ẹsẹ̀ ńlá pọ̀ mọ́ra wọn lè dúró níbẹ̀ bí ẹsẹ̀ bá ń yí dáadáa. Ẹ fi ọ̀dà funfun kọ "Ọ̀TÚN" àti "ÒSÌ" sára gbogbo ohun tí ẹ bá tú, pẹ̀lú nọ́ńbà. Ọ̀tún dírẹ́bà tó jókòó tó kọjú síwájú ni kí gbogbo èèyàn máa lò. Mo ti rí i kí ọmọ iṣẹ́ méjì tó dojú kọra wọn kọ ọ̀tún méjì sára ẹ́ńjìnnì kan náà. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kẹ́ ẹ tó tú u, àti lẹ́yìn tí ẹ tú u.

Àwọn sípíríǹgì: ẹ fi igi líle tàbí irin há àlàfo tó wà lókè àpótí bẹ́rìn kọ̀ọ̀kan, kí ara ẹ́ńjìnnì má baà máa jó lókè lórí títì. Ẹsẹ̀ kéékèèké iwájú tó ń yà fúnra rẹ̀, ẹ fi ṣéènì dè é mọ́ ojú kan. Ẹ da ọ́ìlì sínú gbogbo àpótí bẹ́rìn, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó sùn mọ́jú.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi wíǹṣì ọlọ́wọ́, ẹ̀rọ tó ń fi okùn fa ẹrù, fà á síwájú ní ìdajì mítà péré. Nígbà tó bá kúrò lójú kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo irin ilẹ̀: ibi tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti dúró láti ọjọ́ yìí wá, ẹ máa rí àmì kan tó ń dán yinrin, kò tó owó ẹyọ, nítorí ìpẹtà kò ráyè dé abẹ́ ẹsẹ̀ náà. Bí ẹsẹ̀ kan bá ń fà láìyí, ojú irin níbẹ̀ máa ní ilà họ́họ́họ́. Ẹ má gbé e lọ síbì kankan títí ẹ fi mọ ìdí rẹ̀.

7. Gbígbé e sórí ọkọ̀

Kíréènì tàbí ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ yan ọ̀kan. Kíréènì yá, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà ara rẹ̀ tàn yín: kíréènì tọ́ọ̀nù 100 kì í gbé tọ́ọ̀nù 100 níbi gbogbo. Bí apá rẹ̀ bá ṣe ń nà jìnnà sí i ni agbára rẹ̀ ń dín kù. Ẹ ní kí ọ̀gá tó ń wà á fi ìwé agbára rẹ̀ hàn yín, kẹ́ ẹ bá a wọn bí ó ṣe jìnnà sí ẹrù. Ẹ wò ó bóyá sọ́kàwéè àtijọ́, kòtò omi ìdọ̀tí, wà lábẹ́ ibi tó fẹ́ na ẹsẹ̀ sí. Ara férémù, egungun irin tó gbé gbogbo ara rẹ̀, ni okùn ti ń gbé ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe ara bọ́ílà.

Bí àyè bá wà, ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ẹrù kò kúrò lórí irin nígbà kankan. Bó bá gòkè mítà kan nínú mítà 12, ẹ́ńjìnnì tọ́ọ̀nù 45 ń fẹ́ kí wọ́n fi tọ́ọ̀nù 3.75 fà á, ká má tíì sọ ti bẹ́rìn tó le. Wíǹṣì tọ́ọ̀nù 10 ni kẹ́ ẹ fi ṣe é. Kí wíǹṣì kejì wà lẹ́yìn tó ń dì í mú, kí ẹnì kan sì máa fi wẹ́ẹ̀jì igi tẹ̀ lé ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Níbi tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ti pàdé orí lóòbẹ́ẹ̀dì, ẹ má jẹ́ kó ṣẹ́ bí ìgbúnwọ́. Ẹ fi pákó bù ú kó tẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ àárín ló máa gbé gbogbo ẹ́ńjìnnì, irin iwájú sì máa họlẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń pàṣẹ, pẹ̀lú fèrè. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá rí ewu lè ké "Dúró!" Kí ẹnikẹ́ni má dúró sí ẹ̀gbẹ́ okùn tó ti fà le, bó bá já, ó lè gé èèyàn sí méjì. Dírẹ́bà lóòbẹ́ẹ̀dì sábà máa ń jẹ́ àgbàlagbà. "Bàbá" tàbí "Alájì" ni kẹ́ ẹ máa pè wọ́n, kẹ́ ẹ sì gbọ́ tiwọn. Bí wọ́n bá ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ò tíì jókòó o," ẹ má bá wọn jiyàn.

8. Dídè é

Ẹ́ńjìnnì ojú irin tiwa dà bí ìyá tó ru ẹrù wúwo tó sì pa ẹsẹ̀ pọ̀: abẹ́ rẹ̀ tín-ínrín, òkè rẹ̀ wúwo. Ẹ̀gbẹ́ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù. Yàtọ̀ sí ṣéènì, ẹ fi òpó irin tàbí igi líle ti férémù lọ́tùn-ún lósì mọ́ ilẹ̀ lóòbẹ́ẹ̀dì. Irin tí ẹ́ńjìnnì dúró lé gbọ́dọ̀ wà ní jíjó mọ́ ara wọn lábẹ́, kó má baà fẹ̀ sí i, igi sì gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí irin lórí irin máa ń yọ̀.

Ìṣirò tí àwọn tó mọ iṣẹ́ ń lò nìyí: gbogbo ohun tó ń dì í mú kó má sáré síwájú gbọ́dọ̀ lè gba ìwúwo rẹ̀ lódindi, ti ẹ̀yìn àti ti ẹ̀gbẹ́, ìdajì rẹ̀. Fún tọ́ọ̀nù 45, ṣéènì nìkan kò tó. Ẹ jó irin ìdènà mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀ níwájú àti lẹ́yìn, kẹ́ ẹ fi wẹ́ẹ̀jì há ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ tó wá fi ṣéènì fún un. Férémù ni ṣéènì ń dì mọ́.

9. Lójú ọ̀nà

Ẹ gbéra ní ìdájí nígbà tí ojú bá ti ń mọ́. Lẹ́yìn kìlómítà márùn-ún, ẹ dúró, ẹ fọwọ́ kan gbogbo ṣéènì. Wọ́n máa ti dẹ̀, torí igi abẹ́ rẹ̀ ti tẹ̀. Ẹ tún un fún. Lẹ́yìn ìyẹn, ní gbogbo 20 kìlómítà. Lórí bíríjì, kí ọkọ̀ yín nìkan wà níbẹ̀, ní àárín gbùngbùn, ní jẹ́jẹ́, láìtẹ bíréèkì, láìyí jíà. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, jíà kékeré ni kó ti bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Mọ́tọ̀bọ́ì kò gbọdọ̀ jókòó sórí ẹrù. Èrò máa jáde wá wò ó, inú wọn máa dùn, àwọn ọmọdé á máa pariwo "fàkàfìkì" tẹ̀ lé e. Ẹ fi èèyàn méjì sẹ́yìn tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa lé ọmọdé sẹ́yìn lọ.

10. Sísọ̀ kalẹ̀

Bí ẹ ṣe gbé e gòkè náà lẹ ṣe máa sọ ọ́, ṣùgbọ́n wíǹṣì ẹ̀yìn ló ń ṣiṣẹ́ báyìí, ẹ má jẹ́ kó fi ara rẹ̀ sáré rárá. Bí ẹsẹ̀ tó kẹ́yìn bá ti kan irin ilẹ̀, ẹ há gbogbo rẹ̀ ní wẹ́ẹ̀jì kí ẹ tó tú okùn. Ẹ yọ igi tó wà nínú sípíríǹgì, jẹ́jẹ́, pẹ̀lú jáàkì. Ẹ dá àwọn ọ̀pá àti ṣímínì padà gẹ́gẹ́ bí ọ̀dà funfun ṣe sọ, kẹ́ ẹ fi gírísì kun ibi tó ń dán. Ẹ ṣí ihò ìsàlẹ̀ bọ́ílà àti tẹ́ńdà sílẹ̀ kí omi má tún dúró níbẹ̀ mọ́. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹ gun òkè, kẹ́ ẹ fi ọmọrí irin bo ẹnu ṣímínì.